Kúnfú lójú ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Kúnfú ni a ń pe onírúurú ìjà àtọwọ́dọ́wọ́ ilẹ̀ Ṣáínà. Lẹ́nu àwọn tó ni ín, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ìjà: ìmọ̀ọ́ṣe yòówù tí ènìyàn fi ọjọ́ pípẹ́ àti òógùn ojú kó jọ ni, ìbáà jẹ́ ti alásè. Wushu ni wọ́n ń pe ìjà gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti lè gbẹ́sẹ̀ sókè, "kàrátè" ló ń ṣe, bẹ́ẹ̀ Jàpáàní ló ni kàrátè. Fíìmù ló da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Enter the Dragon jáde ní 1973, ọdún tí Bruce Lee, olú òṣèré rẹ̀, kú. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, ọmọdé tó bá wo fíìmù Ṣáínà tán, àárín agbo ilé ló ti ń ta òkìtì.

Ìjà kì í ṣe àjèjì sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtàn ní Ògúnlọlá ọdẹ ló pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Ibẹ̀ ni orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti wá. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tó wàjà ní 2022, jẹ́ akànṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ìjàkadì wa sì ní ìbejì ní Ṣáínà, shuaijiao: tí a bá ti dá ọ lulẹ̀, ó tán nìyẹn. Ẹ̀wù apá kúkúrú tó nípọn, tí alátakò ń dì mú, ni tiwọn fi yàtọ̀.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń bá pàdé kì í wu ẹni tó wá torí fíìmù. Mabu ni, ìdúró ẹlẹ́ṣin. A ó ya ẹsẹ̀ kọjá ìbú èjìká, a ó tẹ orúnkún títí itan yóò fi tẹ́ bí ti ẹni tó jókòó sórí gàárì, ẹ̀yìn nàró, ìkúùkù méjèèjì wà ní ìbàdí. Kò ní pẹ́ tí itan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí òógùn á máa kán tótó sílẹ̀. Ọ̀gá àtijọ́ lè fi ọmọ sídìí èyí fún oṣù mélòó kan kó tó kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀yọ́ tó fi ẹlẹ́ṣin jagun kò ní béèrè ìdí. Lẹ́yìn náà ni taolu, ìjà tí a tò léra tí a ń dá ṣe láìsí alátakò, tí a ń há sórí bí ọmọ awo ṣe ń há ẹsẹ Ifá.

Shifu ni ọ̀gá, "bàbá" sì wà nínú orúkọ náà. Láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, gẹ́lẹ́ bí àwọn ìyàwó ilé wa.

Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Ti Shaolin wá láti tẹ́ńpìlì kan ní Henan tí wọ́n kọ́ ní 495. Taijiquan, tí àwọn àgbàlagbà ń rọra ṣe láàárọ̀, wọ ìwé àjogúnbá UNESCO ní 2020. Wing Chun ni Ip Man kọ́ Bruce Lee ní Hong Kong.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kúnfú tún ń to eegun. Ẹni tó mọ bí eegun ṣe ń yẹ ló mọ bí a ṣe ń dá a padà. Huang Feihong, tó kú ní 1925, ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Guangdong. Àwọn oníjà Ṣáínà ní àyẹta tiwọn pẹ̀lú. Àwọn Yihetuan tó dìde sí àwọn òyìnbó ní 1900 gbà pé ọfọ̀ àti ààtò ìjà wọn kò ní jẹ́ kí ìbọn ran àwọn. Ìbọn ràn wọ́n. Àgbà ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́ á kọ́kọ́ béèrè èèwọ̀ tí wọ́n jẹ.

Lónìí, kúnfú wà lára ohun tí àwọn ìpínlẹ̀ ń díje sí ní Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè wa, wọ́n sì fi wushu sí ètò Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar, 2026, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀nà ìdíje méjì ló wà: taolu, tí àwọn adájọ́ ń fún ní máàkì, àti sanda, níbi tí ẹni méjì ti ń wọ ìbọ̀wọ́ kojú ara wọn. Nínú sanda, ẹni tó bá dá alátakò rẹ̀ lulẹ̀ tí òun sì wà lórí ìdúró gba máàkì méjì.