Ilé WASU ní Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí a bá ń ka àwọn ọmọ wa tí wọ́n ré òkun kọjá lọ kọ́ ẹ̀kọ́, oyè tí wọ́n gbà bọ̀ ni a máa ń kà. A kì í sábà bèèrè ibi tí wọ́n sùn, ohun tí wọ́n jẹ, àti ẹni tí ó san owó rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ilé kan fún ẹ̀yin olùkàwé wa.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú Dókítà Bankole-Bright ará Sàró àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Àgékúrú orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni WASU. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọ kò nílò ògbufọ̀ kí ó tó mọ̀ pé ìwàásù wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ni wọ́n lára ni ibùgbé. Ọ̀pọ̀ onílé a máa ti ilẹ̀kùn ní kété tí wọ́n bá ti rí àwọ̀ ara àlejò. Ẹni tí ó bá sì gbà á, bí ó ti mọ̀ pé kò ní ibòmíràn, a lè bu owó lé e. Owó láti ilé, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e bọ̀. Ebi kì í sì í dúró de ọkọ̀.

Ní ọdún 1928, Marcus Garvey ará Jamáíkà yọ̀ǹda ilé kan fún ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ilé àyálò ni. Ní ọdún 1929, Ṣólàńkẹ́ padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì ń lọ láti ìlú dé ìlú títí di ọdún 1932, ó ń tọrọ owó ilé lọ́wọ́ àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣòwò. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀wọ́n owó bo gbogbo ayé, tí iye owó kòkó àti epo sì já wálẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn dá owó, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní oṣù kẹta ọdún 1933, ilé náà ṣí ní 62 Camden Road. Ọpẹ́olú, aya Ṣólàńkẹ́, ni ó ṣe ìyá ilé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì rí oúnjẹ ilẹ̀ wa jẹ ní ìdálẹ̀.

Ní ọdún 1934, ilé mìíràn tún ṣí, tí a ń pè ní Aggrey House, èyí tí ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni ó burú nínú rẹ̀? Ọwọ́ tí ń fúnni ni ó máa ń wà lókè. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rù pé ẹni tí ó bá fúnni ní ibùsùn yóò fẹ́ mọ ohun tí a ń sọ kí a tó sùn. Wọ́n sì kọ ilé náà. Ṣùgbọ́n owó nira fún àwọn náà, nígbà tí ó sì yá, wọ́n gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún ilé tiwọn. A kò dá wọn lẹ́bi: kì í ṣe gbígbà ni ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe kí a gbà kí a sì yadi. Wọn kò yadi. Ní ọdún 1938 wọ́n ṣí ilé sí South Villas. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee, tí ó jẹ́ igbákejì olórí ìjọba, wá bá ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí òmìnira gbogbo ènìyàn, wọ́n sì di ọ̀rọ̀ náà mú. Nígbà tí Kwame Nkrumah dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, àárín wọn ni ó bọ́ sí. Aggrey House ti kógbá sílé láti ọdún 1940.

Ṣólàńkẹ́ kú ní ọdún 1958. Àwọn ọmọ wa ṣì ń lọ sí òkè òkun, owó ilé sì ṣì ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ibùgbé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń lọ bèèrè pẹ̀lú pé, ta ni ó ń san ìyókù, kí ni yóò sì gbà ní ìpààrọ̀? Kí àwa tí a wà nílé náà rántí pé, nígbà tí owó wọ́n jù lọ, àwọn baba wa dá owó ilé fún àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ rí.