Omo Ghetto: The Saga

Omo Ghetto: The Saga ni orúkọ fíìmù àwàdà kan tó wọ ilé sinimá káàkiri Nàìjíríà ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Funke Akindele, tí wọ́n bí sí Ìkòròdú ní ìpínlẹ̀ Èkó, ló darí rẹ̀ pẹ̀lú Abdulrasheed Bello, ìyẹn JJC Skillz, olórin tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ nígbà náà. Ó tẹ̀ lé Omo Ghetto ti ọdún 2010, èyí tí Abíọ́dún Ọlánrewájú darí.

Ìpìlẹ̀

Ìkòròdú ti ń bí àwọn tó ń dá ará ìlú lárayá tipẹ́. Ọmọ ibẹ̀ ni Bobby Benson, tí òun àti Cassandra ìyàwó rẹ̀ dá ẹgbẹ́ eré ìtàgé sílẹ̀ kí orin tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ní ti Akindele, orí tẹlifíṣọ̀n, nínú I Need to Know, ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Jenifa (2008) ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, òun náà ló sì gba àmì ẹ̀yẹ òṣèré obìnrin tó peregedé jù lọ fún un ní Africa Movie Academy Awards (AMAA) ọdún 2009.

Ìtàn inú rẹ̀

Ìbejì ni fíìmù méjèèjì dá lé. Ayomide dàgbà nínú ọlá. Shalewa, tí wọ́n ń pè ní Lefty, di ọmọ ìta. Nínú The Saga, Lefty ti ń jẹ̀gbádùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò ní gẹ́tò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi í sílẹ̀, títí wọ́n fi kó sí wàhálà oògùn olóró Azaman (Zubby Michael). Ìtàn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù náà lé ní wákàtí méjì, ó sì máa ń dúró lójú ọ̀nà nítorí ìjà tàbí èébú tó pani lẹ́rìn-ín.

Àwọn òṣèré

Akindele nìkan ló ṣe ìbejì méjèèjì, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá tún fíìmù náà wò á rí i pé kì í ṣe aṣọ ló fi ya wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn Lefty ha, èjìká rẹ̀ kì í sinmi, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí ìjà; Ayomide ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá jọ wà lójú kan náà, èèyàn á gbàgbé pé ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ìgbà tí Lefty àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá péjọ ni ẹ̀rín pọ̀ jù. Eniola Badmus ni Busty. Bimbo Thomas wà níbẹ̀. Chioma Chukwuka Akpotha, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ nínú fíìmù elédè Gẹ̀ẹ́sì, ni Chummy Choko. Bí ọ̀kan bá ṣe ń la ẹnu ni èkejì ti ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, Yorùbá, pijin àti Gẹ̀ẹ́sì á sì máa wọnú ara wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ibùdókọ̀ Èkó. Àwọn tó pe fíìmù náà ní ìranù kò ka iye iṣẹ́ tó wà nínú kí ẹni mélòó kan jọ pariwo láìjẹ́ pé àwàdà ẹnì kankan sọnù.

Akindele gba àmì ẹ̀yẹ òṣèré obìnrin nínú àwàdà fún fíìmù yìí ní Africa Magic Viewers' Choice Awards (AMVCA) ọdún 2022.

Owó tó pa

Láàárín àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, fíìmù yìí pa nǹkan bí mílíọ̀nù ₦636, ó sì gba ipò iwájú láàárín àwọn fíìmù Nàìjíríà tó pa owó jù lọ́wọ́ The Wedding Party (2016), tí wọ́n sọ pé ó pa nǹkan bí mílíọ̀nù ₦453. Bóyá àwọn tó wò ó pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, ìyẹn kò dájú: owó tíkẹ́ẹ̀tì ti gòkè láàárín ọdún mẹ́rin náà, náírà sì ti relẹ̀, nítorí náà iye owó nìkan kò tó láti fi pinnu rẹ̀. Netflix gbé e jáde ní 2021. Battle on Buka Street (2022) ló gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. A Tribe Called Judah (2023) kọjá bílíọ̀nù kan náírà, bẹ́ẹ̀ náà ni Everybody Loves Jenifa (2024). Akindele ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.