Àwọn Mẹ́fà Tó Mọ Ibi Tó Ń Dun ENIAC

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1946, ní Philadelphia nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí aṣọ lójú kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ ENIAC. Odidi yàrá ńlá ló gbà. Ohun tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ ni vacuum tube, tó jọ gílóòbù iná, wọ́n sì tó nǹkan bí 18,000. Bí ọ̀kan péré bá jó, ìṣirò lè dàrú. Ìgbà tí wọ́n bá ń tàn án tàbí tí wọ́n bá ń pa á ni púpọ̀ nínú wọn ń bàjẹ́, nítorí náà wọ́n kì í fẹ́ pa á rárá. (Ẹ fojú inú wò ó pẹ̀lú iná tiwa tó ń lọ tó ń bọ̀!)

Obìnrin mẹ́fà ló ń ṣètò iṣẹ́ fún un. Betty Snyder, Jean Jennings àti Kay McNulty wà lára wọn. Kò sí ìwé ìtọ́nisọ́nà kankan; àwòrán wáyà inú rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣe wàhálà, wọ́n lè tọpa rẹ̀ títí dé orí vacuum tube kan ṣoṣo.

Ọgbọ́n yẹn náà ló yẹ ká máa lò nílé. Bí láptọ́ọ̀pù bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ dán ṣájà mìíràn wò, ẹ yọ fíláàṣì àti gbogbo ohun tí ẹ kì bọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé bọ́ọ̀dù ti jóná.

Snyder àti Jennings ló ṣètò ìṣirò tí wọ́n fi han àwọn àlejò lọ́jọ́ náà. Lálẹ́, wọ́n se àsè. Wọn kò pe ìkankan nínú àwọn mẹ́fà.