Tẹlifíṣàn Ìbàdàn: Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Ìtàn Rẹ̀ Bó Ṣe Rí

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ka iṣẹ́ ọwọ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Wọ́n á ka ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n á ka pápá ìṣeré Liberty, wọ́n á wá fi tẹlifíṣàn dé e lórí: Ìbàdàn ni tẹlifíṣàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹlòmíràn á tún bu iyọ̀ sí i pé a tiẹ̀ ṣáájú ilẹ̀ Faransé. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi ṣe oríkì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi náà gbà á gbọ́ láti kékeré, mo sì ti fi bá ará ibòmíràn jiyàn rí. Kì í ṣe òótọ́. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àṣìsọ yìí ti bo ìtàn gidi mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtàn gidi náà níyì jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, tẹlifíṣàn ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ aládàáni kan tí í ṣe ti àwọn Faransé, TELMA, ti gbé tẹlifíṣàn jáde ní Casablanca lórílẹ̀-èdè Mòrókò. Òwò náà kò gbè wọ́n, wọ́n sì pa á tì lọ́dún 1955. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 1956, tẹlifíṣàn ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ ní Algiers, olú-ìlú Àlgéríà. Ìyẹn ò dáwọ́ dúró ní tirẹ̀. Nígbà tí Àlgéríà gba òmìnira lọ́dún 1962, àwọn ọmọ onílẹ̀ gba ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Faransé, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ti ilẹ̀ Faransé gan-an, ọdún 1935 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Paris. Kí ni a fẹ́ fi ṣáájú wọn?

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ òyìnbó tí Ìbàdàn ṣáájú là ń wá, wọ́n wà. New Zealand kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹfà ọdún 1960. Alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1961 ni Ireland tó ṣí tẹlifíṣàn tirẹ̀. Nílé níbí, Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1960, Gúúsù Áfíríkà sì dúró di ọdún 1976 pẹ̀lú gbogbo wúrà rẹ̀. Ẹni tó ní irú èyí lọ́wọ́ kò nílò àbùmọ́ kankan.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa ń fọ̀. Wọ́n á ní àwọn Faransé tó wá tẹ̀dó ni wọ́n ṣe ti Casablanca àti ti Algiers fún, pé kì í ṣe ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni yòówù kó ni ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, Áfíríkà ni Casablanca wà. Bó bá jẹ́ pé ohun tí a ní lọ́kàn ni pé tiwa ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú, àti pé ìjọba tí àwọn ará ìlú fi ìbò wọn yàn ló dá a sílẹ̀ nígbà tí òyìnbó ṣì wà lórí oyè, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè já wa nírọ́.

Ibi tí òtítọ́ ti wá dùn ni ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Èyí tí a máa ń gbọ́ ni pé Olóyè Awólọ́wọ̀ ríran jìnnà, ó sì fẹ́ fi tẹlifíṣàn kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ṣe ètò fún ilé ẹ̀kọ́. Àmọ́ ìjà ló bí i.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953 ni Anthony Enahoro dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó, tó dábàá pé kí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèjọba ara rẹ̀ lọ́dún 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ di gbọ́nmi-si-omi-ò-to, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, ti Awólọ́wọ̀, àti ti NCNC bá fìbínú jáde. Gómìnà, John Macpherson, wá bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì di ẹ̀bi ru Awólọ́wọ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Awólọ́wọ̀ bèèrè pé kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì. Wọ́n ní ó ti o.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo irú rédíò tó wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Àpótí kékeré kan ni, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, wáyà gba ojú fèrèsé wọlé sí i, onílé sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Èkó ti ní in láti ọdún 1935, Ìbàdàn sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1939. Ohun kan ṣoṣo tí èèyàn lè yí lára rẹ̀ ni èyí tó ń gbé ohùn sókè tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò síbi tí èèyàn fẹ́ yí i sí kó gbọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ìjọba bá fi ránṣẹ́ ni wàá gbọ́. Àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Lọ́dún 1953 yẹn, orúkọ náà ro Awólọ́wọ̀ gan-an.

Nígbà tí òfin ìjọba tuntun ọdún 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tirẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn, tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ náà jáfara. Enahoro tó dá àbá ọjọ́sí ló di mínísítà tí iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kan tó ń tan àwòrán káàkiri wà lórí òkè Mápó, èkejì sì wà lẹ́bàá Ìkòròdú, tí Èkó fi rí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Ní tèmi o, ẹni tí wọ́n dù ní èsì l'Ékòó tó wá kọ́ ẹ̀rọ síbi tí Èkó yóò ti máa gbọ́ ọ, ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló ń rò.

Owó kòkó nìkan kọ́ ló sì gbé e dúró, bí a ṣe máa ń wí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti Overseas Rediffusion, ilé iṣẹ́ òyìnbó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n jọ dòwò pọ̀. Èyí kò bu ẹnikẹ́ni kù. Ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ á lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò sì pẹ́ tí àwọn tiwa fi gba ojú iṣẹ́ náà: Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni obìnrin tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yọ níbẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 1960, eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ, My Father's Burden, ti jáde lábẹ́ ìdarí Ṣẹ́gun Olúṣọlá. Lẹ́yìn náà ni àwọn eléré Yorùbá dé, Moses Ọláìyá pẹ̀lú Aláwàdà rẹ̀, Oyin Adéjọbí pẹ̀lú Kóòtù Aṣípa.

Enugu bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira ọdún 1960, ó sì sọ fún ayé pé òun kì í ṣe ìkejì ẹnikẹ́ni. Kaduna tẹ̀ lé wọn lọ́dún 1962. Nígbà tó di ọdún 1977, ìjọba ológun fi òfin kó gbogbo wọn sábẹ́ NTA, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba àpapọ̀, ti Ìbàdàn náà sì bá a lọ. Ilé tí wọ́n kọ́ kí ẹkùn kan lè dá ìjọba àpapọ̀ lóhùn, ìjọba àpapọ̀ náà ló gbà á. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kó máa dùn wá, kì í ṣe Casablanca.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, tí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá bá tún pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Áfíríkà sílẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn Faransé ti ṣe é ní Mòrókò àti Àlgéríà ṣáájú wa. Kí ẹ wá sọ fún wọn nípa àpótí ara ògiri, nípa ọkùnrin tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fèsì, àti ohun tó kọ́ sí Agodi nígbà tí wọn kò jẹ́.