Gálárì, Ọ̀dọ́ Ayàwòrán àti Ilé Ìtẹ̀wé ní Agbègbè Fádèyí

Nínú gbogbo ìròyìn tí ń ti agbo iṣẹ́-ọnà jáde ní Èkó Àkéte, arómisá-lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀, ìròyìn owó ni ó máa ń dún jù. Nígbà tí wọ́n lu àwòrán Tutù, tí Ben Enwonwu yà, ní gbàǹjo ní ìlú London ní 2018, tí iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, kò sí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yà á ti wọ káà ilẹ̀ lọ láti 1994, a kò sì lè fi owó tí ó dé lẹ́yìn olóògbé wọn bí ìlú ti ń tọ́jú ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé gálárì tí yóò sọ ọ̀dọ́ di ògbóǹtarìgì kò gbọdọ̀ jìnnà sí ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jìnnà sí aládùúgbò tí ó lè fi owó àpò ara rẹ̀ ra iṣẹ́ náà. Àti pé Fádèyí, lẹ́nu ọ̀nà Ṣómólú àti Bàrígà, ní ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ju àwọn àdúgbò olówó tí a kó gálárì jọ sí lọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹnikẹ́ni tó kun ògiri ní funfun kí ó sì gbé àwòrán kọ́ ọ, agbo ilé ni ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́ ọnà. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí ìran rẹ̀ ti ń gbẹ́gi bọ̀ láti ayébáyé, lọ jókòó ti Bámidélé Àrówóògùn, ọmọ Àrẹògún ará Òsì, ní ibi iṣẹ́ tí Fádà Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Kí ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí yóò lo iṣẹ́ náà kò jìnnà: ìjọ ń fẹ́ ilẹ̀kùn, ààfin ń fẹ́ òpó, ẹni tí ó bá sì béèrè iṣẹ́ mọ ojú ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ Òṣogbo Òròkí, ọmọ Yèyé Ọ̀ṣun, yàtọ̀ díẹ̀. Dúró Ládípọ̀, eléré tíátà, ṣí Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́-ọnà, níbẹ̀ ní 1962 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà rí sì di ayàwòrán lábẹ́ Denis Williams, ará Guyana, àti lẹ́yìn náà lábẹ́ Georgina Beier ní 1964: Twins Seven-Seven tí ó jẹ́ oníjó, Jímọ̀ Bùráímọ̀ tí ń tan iná fún eré Ládípọ̀, Múráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé. Ọpẹ́ ni fún àwọn tí ó ṣe é. Síbẹ̀ àlejò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ra iṣẹ́ wọn. Ará ìlú wò ó, ó sì yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó gbé e wọlé ara rẹ̀. Bí ọjà ọ̀dọ́ bá wà lọ́wọ́ àlejò nìkan, ọjọ́ tí àlejò bá dìde lọ ni ebi dé.

Ní Èkó, ní ìhà ìhín ọ̀sà, àwọn méjì ti la ọ̀nà. Bruce Onobrakpeya, tí a bí ní 1932, fi Ovuomaroro, ilé iṣẹ́-ọnà rẹ̀, sí àárín àwọn ará Mùṣín, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ àwòrán títẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2007, Bísí Silva, tí ó kú ní 2019, ṣí Centre for Contemporary Art ní òpópónà McEwen ní Sábó, Yàbá, tí kò jìnnà sí Fádèyí rárá. Ilé ìkàwé tí ó wà níbẹ̀ ni mo kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ jù, nítorí ọ̀dọ́ tí kò lówó ìwé lè wọlé kí ó sì mọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe káàkiri ayé. Ní 2010 ó dá ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní Àsìkò sílẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, ó sì gbé e láti Èkó dé Accra, Dakar, Maputo àti Addis Ababa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Silva kò jẹ́ kí ó wọ́.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kì í san owó ilé, ibí yìí sì ni Ṣómólú ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá yà kúrò ní títì Ìkòròdú ní Fádèyí tàbí Onípánù, tí ó sì kọrí sí ọ̀nà Bájúláyé, yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí ó tó rí i. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, pósítà olóṣèlú, páálí ọjà: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n. Àwọn tí ń ta bébà wà níbẹ̀, àwọn tí ń ṣe pléètì, àwọn tí ń po yíǹkì, àwọn tí ń gé ìwé àti àwọn tí ń dì í. Lóòótọ́, ẹ̀rọ Heidelberg kì í ṣe ẹ̀rọ tí ayàwòrán fi ń tẹ àwòrán orí idẹ. Ṣùgbọ́n òye pé epo àti omi kì í dàpọ̀, tí Alois Senefelder ará Jámánì fi dá títẹ̀ orí òkúta sílẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, òun náà ni àwọn atẹ̀wé Ṣómólú fi ń jẹun títí di òní. Ọ̀dọ́ tí ó bá jáde ní Yábàtẹ́ẹ̀kì, ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Yàbá tí a dá sílẹ̀ ní 1947, tí Yusuf Grillo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún darí ẹ̀ka iṣẹ́-ọnà rẹ̀, lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ nìyí. Àwòrán tí a fi ọ̀dà yà sórí kánfáàsì, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò gbé e lọ, owó oṣù púpọ̀ ni onítọ̀hún yóò sì san. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá tẹ 50 láti ara pléètì kan, tí ó buwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó kọ nọ́ńbà sí i, tí ó sì fi nǹkan ha pléètì náà kí ẹnikẹ́ni má lè tẹ òmíràn mọ́, àádọ́ta ilé ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò wọ̀, olùkọ́ àti aránṣọ yóò sì lè ra tiwọn. Ẹlòmíràn yóò wí pé ará àdúgbò yóò fojú kàlẹ́ńdà wò ó. Ó ṣeé ṣe. Kíkọ́ ojú láti ríran gan-an ni iṣẹ́ gálárì. Bàrígà ti fi hàn pé ojú ń kọ́: Ṣẹ́gun Adéfilà dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1996, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń jó, wọ́n ń ṣeré, níwájú àwọn tí ó mọ ìyá àti bàbá wọn, kí ìlú òkèèrè tó gbọ́ orúkọ wọn.

Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Ọ̀pọ̀ gálárì máa ń mú tó ìdajì owó tí a bá ta iṣẹ́. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìdajì, bí gálárì bá ra bébà àti yíǹkì, tí ó san owó atẹ̀wé, tí ó sì fi igi yí àwòrán ká. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dá gbogbo ìnáwó ṣe, ìdajì di ìyànjẹ, kí a sì kọ èyí sílẹ̀ kí a tó gbé àwòrán kọ́ ògiri. Ní ti ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, a kò nílò ilé tuntun. Iṣẹ́ kàlẹ́ńdà máa ń há atẹ̀wé mọ́ ní ìparí ọdún, ọwọ́ a sì máa dilẹ̀ nígbà tí ọdún titun bá wọlé. Àsìkò náà ni kí ayàwòrán kan àti atẹ̀wé kan ní Ṣómólú jọ jókòó ti pléètì kan, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún ẹni tí ń kọjá lọ.