Orí Gìtá: Ṣé Òun Ló Ń Mú Okùn Le?

Ìtàn gìtá la gbé wá lónìí. Gbogbo wa la mọ gìtá oníná nínú jùjú Ebenezer Obey àti King Sunny Adé. Ṣùgbọ́n iyàn kan wà tí àwọn ọmọ wa tó ń ta gìtá máa ń jà: wọ́n ní orí gìtá, níbi tí èèkàn tí wọ́n fi ń yí okùn wà, ló ń mú okùn le tàbí kó rọ̀. Torí iyàn yìí, ẹlòmíì á gbé gìtá tó dáa fún oníbàárà lówó pọ́ọ́kú, á tún lọ jẹ gbèsè ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Vienna, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, Johann Georg Stauffer ń ṣe gìtá tí èèkàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. C. F. Martin tó bá a ṣiṣẹ́ gbé àrà yìí lọ sí Amẹ́ríkà ní 1833. Nígbà tó yá, àrà náà di ìgbàgbé; mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì ló wá gbòde.

Ní 1948, Paul Bigsby ní California ṣe gìtá oníná kan fún Merle Travis, ó sì to èèkàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Leo Fender gbé tiẹ̀ jáde. Iṣẹ́ títún rédíò ṣe ni Fender ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò tiẹ̀ mọ gìtá ta! Iṣẹ́ tó yá tí kò sì gbówó lórí ló ń wá. Ó gé ọrùn àti orí látinú pákó maple kan ṣoṣo, orí náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Okùn ń lọ tààrà láti eegun kékeré tó wà láàárín ọrùn àti orí títí dé èèkàn. Kí okùn tínrín má baà máa fò kúrò lórí eegun yẹn, ó fi irin kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ti Gibson yàtọ̀. Orí Les Paul tó jáde ní 1952 tẹ̀ sẹ́yìn ní dígíríì 17. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, wọ́n dín in kù sí 14. Okùn jókòó dáadáa lórí eegun, kò nílò irin kankan. Àmọ́ wàhálà méjì wà ńbẹ̀. Okùn àárín ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń há sínú eegun, ohùn á sì yẹ̀. Èkejì, igi mahogany, ìbátan ọ̀gánwó tiwa, kì í lágbára níbi tí orí ti tẹ̀ yẹn. Bó bá ṣubú pẹ́nrẹ́n, ọrùn lè dá.

Ó dáa, ta ló wá ń mú okùn le? Nǹkan mẹ́ta ni: bí okùn ṣe gùn tó láti eegun dé bíríìjì, bó ṣe nípọn tó, àti ohùn tí a yí i dé. Ti Fender gùn ní ínṣì 25.5, ti Gibson jẹ́ bíi 24.75. Bí okùn àti ohùn bá dọ́gba, ti Fender á fi bíi 6 nínú 100 le ju ti Gibson lọ. Kò sí ti orí níbẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n ìka kì í parọ́. Bí a bá ti okùn sókè kí ohùn lè gòkè, èyí tó wà lẹ́yìn eegun náà ń nà. Bí ìyẹn bá gùn, a ó tì í jìnnà kí ohùn tó dé ibi tí a fẹ́, àmọ́ á rọ ọwọ́ lọ́rùn. Bó bá kúrú, kíá ló ń dé. Jimi Hendrix, ọlọ́wọ́ òsì, dojú Stratocaster ọlọ́wọ́ ọ̀tún dé, ló bá di pé okùn tó nípọn jù ló ní ìrù tó gùn jù, èyí tó tínrín jù ló kúrú jù.

Nígbà tó sún mọ́ 1980, Floyd Rose ti okùn pa níbi eegun, orí ò tún lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Ned Steinberger tiẹ̀ gé orí kúrò pátápátá. Gìtá ṣì ń dún!

Nítorí náà, kí ẹ tó ta gìtá yín ní àtàpa, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú okùn tó tínrín sí i. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù ra ojú ihò eegun, okùn ò ní máa há mọ́. Bí orí gìtá yín bá tẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹ sì ń lọ sílé fọ́dún, ẹ fi aṣọ wé e lọ́rùn dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n di ẹrù lé e nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru orí o. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tó ń ta gìtá nílé yín.