Ẹ̀tẹ̀ Kì Í Yúnni: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìlera Abẹ́ Obìnrin

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ nínú òwe yìí ni pé kí á kọ́kọ́ mójú tó ìṣòro ńlá kí á tó kan kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Làpálàpá a máa yúnni, kì í jẹ́ kí ọwọ́ sinmi, kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ kì í yúnni. Iṣan tí ara fi ń mọ ìrora ni kòkòrò rẹ̀ ń bà jẹ́, débi pé aláìsàn lè fọwọ́ kan iná kó má mọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn adẹ́tẹ̀ ní Òkègbàlà, lẹ́bàá Òmù-Àrán, kò ní jiyàn èyí. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè gbàgbé ẹ̀tẹ̀ kó máa sáré kiri nítorí làpálàpá: èyí tó ń yún ló ń pariwo.

Mi ò mọ ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ìlera abẹ́ àwọn obìnrin wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara, láti Òsí títí dé Ìlọ́fà. Obìnrin tí abẹ́ ń yún yóò ti dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kẹ́míìsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti ọdún mélòó kan, tó wá ṣàdédé rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, tí kò dùn ún, tí kò yún un, yóò ní bóyá ara òun ló ń padà sí ti ọmọge. Èkejì yìí ló ń bà mí lẹ́rù.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á tú èyí tó ń yún wò, nítorí òun ló ń kó wa lówó lọ. Obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ gbọ́dọ̀ ní omi tó ń jáde lójú ara. Bó bá mọ́ gaara tàbí tó funfun, tí kò rùn, tí kò sì yún, àrùn kọ́. A tún máa pọ̀ sí i láàrin oṣù, nígbà tí ẹyin bá jáde. Bó bá ki, tó ń yún gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kàńdídà. Bó bá ń rùn bí ẹja, pàápàá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ojú ara ló ti dín kù tí àwọn mìíràn gba ipò wọn. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí yẹ́lò tó ń hó, ìbálòpọ̀ ló sábà máa ń gbé e wá, tọkọtaya ló sì gbọ́dọ̀ lo oògùn pọ̀. Oògùn ọ̀kan kọ́ ni ti èkejì. Ampiclox tí wọ́n máa ń tà fún gbogbo ẹni tó bá ráhùn kò lè pa kàńdídà rárá. Ó tilẹ̀ lè pa àwọn kòkòrò rere náà, kí kàńdídà wá gbilẹ̀.

Tóìlẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ti orí àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mú ènìyàn. Bí a ṣe ń di ẹ̀bi ru ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọkọ ò fi ń lo oògùn, tí àrùn náà fi ń padà wá. Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ, Dettol, iyọ̀ tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú ojú ara. Inú ibẹ̀ ń fọ ara rẹ̀. Omi tó mọ́ tó fún ìta.

Bí ara bá ń gbóná pẹ̀lú ìrora nísàlẹ̀ ikùn, bí obìnrin bá wà nínú oyún, tàbí bí yíyún náà bá ń lọ tó ń bọ̀, kẹ́míìsì kọ́ ni ibi tó kàn. Àrùn tó bá gun òkè lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ọmọ kò bá dé, àwọn ènìyàn á máa wo ojú ìyá ọkọ bíi pé òun ló fà á. Ó dùn mí pé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ti tú ilé tí oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ìbá ti gbà là.

Nǹkan oṣù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Inú rírun díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin lọ sí iléèwé lóṣooṣù yẹ kí dókítà yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń rin páàdì gbingbin láàrin wákàtí kan tàbí méjì, tó ń dì, tàbí tó kọjá ọjọ́ 7. Ìju, ìyẹn fáíbírọ́ìdì, wà lára ohun tó sábà máa ń fà á. Ìju kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní in tí kò yọ wọ́n lẹ́nu, tí wọn kò nílò iṣẹ́ abẹ. Skáànù ni a fi ń rí i, kò sì sí bí ẹni tó ń fọwọ́ wọ́ ikùn ṣe lè tú u ká. Ewu rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, títí ìyá tó ń gun òkè oko láìsinmi tẹ́lẹ̀ yóò fi máa mí hẹlẹ, tí àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì.

Ẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ wá dà? Ẹ̀jẹ̀ tó yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá pátápátá fún oṣù 12, ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ láàrin oṣù kan sí èkejì láìnídìí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n jẹ́ jẹjẹrẹ, àmọ́ kò sí èyí tó yẹ kí á fi sílẹ̀ láìyẹ̀ wò, ìbáà jẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fà á. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bá ènìyàn lò pọ̀ ló máa ń kó o nígbà kan, tí ara wọn á sì lé e jáde fúnra rẹ̀. Níbi tí kò bá ti lọ, ó sábà máa ń gbà á tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹ wo bí àkókò náà ti gùn tó! Síbẹ̀, ní ọdún 2020 nìkan, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé obìnrin tó lé ní 12,000 ló ní i ní Nàìjíríà, tí nǹkan bí 8,000 sì kú. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: nọ́ọ̀sì yóò fi òwú tó rin sínú fínígà tí kò le kan ọrùn ilé-ọmọ, ibi tí ara ti fẹ́ yí padà á sì funfun níṣojú rẹ̀. Wọ́n lè fi ooru tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ọmọ 30 ọdún ni kí obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Láti 25 bó bá ní kòkòrò HIV. Bí ojú bá ń tì yín láti tú aṣọ fún ọkùnrin, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè nọ́ọ̀sì obìnrin, ẹ sì lè mú àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ dání.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Bí nǹkan oṣù bá ti fò, tí ẹ̀gbẹ́ kan ikùn wá ń dunni gidi, tí òòyì ń kọ́ni tàbí tí èjìká ń dunni, ó lè jẹ́ oyún tí kò dúró sínú ilé-ọmọ. Ó lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ikùn láìsí kan lóde. Ilé ìwòsàn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n gbé obìnrin náà lọ lójú ẹsẹ̀. Àgbo kò lè dá ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà ń bani lẹ́rù. Lẹ́yìn ìkọlù tó wáyé nílé ìjọsìn ní Erúkù ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mi ò lè bá ìyá tí kò fẹ́ rìnrìn-àjò wí. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kí á dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ di gbígbé lóru. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìlera tó wà ládùúgbò, kí wọ́n kọ ìwé fún yín bó bá ju agbára wọn lọ, kí ẹ sì rin ìrìn náà lójú mọmọ sí Òmù-Àrán, sí Ìdó-Èkìtì, tàbí sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òyì. Ẹ̀yin ọkọ, owó ọkọ̀ yìí kan yín.

Láti ọdún 2024 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ti dé ìpínlẹ̀ Kwara. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń gún un fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ìyá tó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ gbà á, kó má kàn jókòó dè é. Kó bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ibi tí òun náà ti lè ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ, kó sì gba ọjọ́ tí yóò lọ kó tó kúrò níbẹ̀.